"Alábùkún-fún ni ẹ̀yin òtòṣì": ta ni ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí?

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin tí ẹ ń wò wá láti Ìlọrin, láti Ọ̀fà, láti Òmù-Àrán àti Ìgbájà, títí kan àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun. Ẹsẹ Bíbélì kan ṣoṣo la fẹ́ tú palẹ̀ lónìí, àmọ́ a ó yà síbi púpọ̀ ká tó dé ìdí rẹ̀. Lúùkù orí 6, ẹsẹ 20 ni. Jésù gbé ojú sókè wo àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní: "Alábùkún-fún ni ẹ̀yin òtòṣì, nítorí tiyín ni ìjọba Ọlọ́run."

Kò ní "ẹ ó di alábùkún-fún lọ́jọ́ kan." Kò ní "bí ẹ bá lè gbààwẹ̀ tó." Ẹ̀yin òtòṣì tí ẹ dúró síbí yìí, alábùkún-fún ni yín. Ó tún fi kún un pé àwọn tí ebi ń pa nísinsìnyí máa yó, àwọn tó ń sunkún nísinsìnyí máa rẹ́rìn-ín.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn yà wá lẹ́nu jù báyìí lọ. Yorùbá kì í fi òṣì ṣeré. Àwa la ní òṣì ló ń jẹ́ "ta ni mọ̀ ẹ́ rí", owó ló ń jẹ́ "mo bá ẹ tan". Ìyá tó bá ń wúre fún ọmọ rẹ̀ níjọ́ ìgbéyàwó, tó wá ní "wàá tòṣì, ọmọ mi", àwọn ẹbí ọkọ á ti máa wojú ara wọn pé kí ló ṣe ìyá yìí. Báwo ni Jésù ṣe wá so ìbùkún mọ́ òṣì lọ́rùn?

Ẹ jẹ́ ká gbé ẹnì kan síwájú ara wa kí ọ̀rọ̀ má baà di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ wo ìyá alábàárù kan ní ọjà Mandate, ní Ìlọrin. Ó ká òṣùká lé orí. Apẹ̀rẹ̀ tòmátì ni wọ́n gbé rù ú. Èyí tó ti bẹ́ nínú tòmátì náà ń ṣomi, omi náà ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí rẹ̀ lọ sí ọrùn, kò sì rí ọwọ́ tó máa fi nù ún. Ẹni tó ni ẹrù ń lọ níwájú, kò wẹ̀yìn, "yára, mọ́tò fẹ́ lọ!" ló ń ké. Bí wọ́n bá dé ìdí ọkọ̀, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ná owó tí wọ́n ti jọ fẹnu kò sí kó tó gbérù. A ní iṣẹ́ ni oògùn ìṣẹ́. Ìyá yìí ń ṣiṣẹ́ ju gbogbo àwa tá a jókòó ti fóònù yìí lọ, ìṣẹ́ ò sì kúrò lára rẹ̀.

Irú wọn ló kún Gálílì nígbà ayé Jésù. Hẹ́rọ́dù Áńtípà ló ń ṣe ìjọba ibẹ̀ lábẹ́ àṣẹ Róòmù, títí di ọdún 39. Òun ló kọ́ ìlú Tìbéríà sétí òkun Gálílì, ó sì fi orúkọ Késárì sọ ìlú náà. Ibo lowó rẹ̀ ti ń wá? Lára àgbẹ̀ àti apẹja ni. Owó orí wà, owó ibodè wà, ti tẹ́ńpìlì náà ń bẹ níbẹ̀. Àgbẹ̀ tí gbèsè bá ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ á di alágbàṣe lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn. Nínú Mátíù orí 20, Jésù sọ ìtàn àwọn alágbàṣe tó dúró lọ́jà láti àárọ̀ títí di wákàtí kọkànlá, ìyẹn bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tiwa. Nígbà tí olóko bi wọ́n pé kí ló dé tí wọ́n dúró lásán, wọ́n ní: nítorí pé kò sí ẹni tó gbà wá síṣẹ́ ni. Dínárì kan ni owó iṣẹ́ ọjọ́ kan. Bẹ́ ò bá ríṣẹ́ lónìí, ẹ ò ní í jẹun lálẹ́.

Wàyí o, ọ̀nà méjì làwa oníwàásù àti àwa olùgbọ́ sábà máa ń gbà ba ẹsẹ yìí jẹ́.

Ti àkọ́kọ́ ò gba àkókò. Òun ni ti ẹni tó ń sọ fún tálákà pé kó fara mọ́ ọn, pé òṣì rẹ̀ ni adé rẹ̀, pé ọ̀run ló ti máa jẹun. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ti jẹun tán kó tó gun pẹpẹ. Bíbélì ò bá a sọ ọ́. Diutarónómì orí 15, ẹsẹ 4, fẹ́ kí tálákà má sí rárá láàárín àwọn èèyàn Ọlọ́run. Ẹni tó kọ Òwe orí 30 gbàdúrà pé kí Ọlọ́run má fún òun lóṣì, kó má sì fún òun lọ́rọ̀, bí òun bá yó jù, òun lè ní "Ta ni Olúwa?", bí òun bá sì tòṣì, òun lè jalè. Ní ọdún 1968, nígbà tí àwọn bíṣọ́ọ̀bù Kátólíìkì Látìn Amẹ́ríkà péjọ sí ìlú Medellín ní Colombia, wọ́n là á sí mẹ́ta. Òṣì kan wà tó jẹ́ àìrí oúnjẹ jẹ àti àìríbi gbé: ibi ni, Ọlọ́run ò fẹ́ ẹ. Òmíràn wà tó jẹ́ ti ọkàn tó ṣí sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ẹ̀kẹta ni èyí tí ẹni tó ní lọ́wọ́ fúnra rẹ̀ yàn, kó lè bá àwọn aláìní dúró. Ẹni tó bá lú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, ebi ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í yìn.

Ìkejì ló wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó sì yẹ ká dúró tì í díẹ̀. Òun ni ti ẹni tó ní ìbùkún tálákà ni pé kò ní í jẹ́ tálákà mọ́, tó bá ti lè fúnrúgbìn. Kó mú owó tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ wá, kódà kó jẹ́ owó ilé ìwé ọmọ. Bí àwọn èèyàn bá ń lọ́ra, wọ́n á fa opó inú Bíbélì jáde, èyí tó jù owó kékeré méjì sínú àpótí. "Ẹ ò rí i bí opó tiẹ̀ ṣe mú gbogbo rẹ̀ wá?"

Ẹ ṣí Máàkù orí 12 fún mi. Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ẹsẹ 41 bí wọ́n ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ sún sókè díẹ̀, sí ẹsẹ 38. Jésù ń kìlọ̀ nípa àwọn akọ̀wé òfin tó fẹ́ràn aṣọ gbọ̀ọ̀rọ̀, tó fẹ́ràn kí wọ́n máa kí wọn lọ́jà, tó fẹ́ràn àga iwájú nínú sínágọ́gù. Ẹsẹ 40 wá ní àwọn wọ̀nyí ń jẹ ilé àwọn opó run, wọ́n sì ń gba àdúrà gígùn láti fi bo ara wọn. Kí la rí lẹ́yìn ìyẹn gan-an? Opó kan ló dé, òtòṣì, tó ń jù gbogbo ohun tó fi ń gbé ayé sínú àpótí. Jésù ò sọ pé owó náà máa padà wá ní ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Ìwé ò sọ fún wa pé ó padà wá rí. Bí orí 13 ṣe bẹ̀rẹ̀, ọmọ ẹ̀yìn kan ní kí Jésù wo bí òkúta tẹ́ńpìlì ṣe tóbi tó. Jésù ní wọn ò ní í fi òkúta kan sílẹ̀ lórí èkejì. Ilé tí opó yẹn kó oúnjẹ rẹ̀ lọ fún ló ń wí.

Jésù yin ọkàn obìnrin náà, mi ò bá ẹnikẹ́ni jiyàn ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó bá ka ìtàn yìí látòkè délẹ̀, tó ṣì ń fi gbowó lọ́wọ́ opó, ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé ló jókòó sí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe ń lo Kọ́ríńtì Kejì orí 8, ẹsẹ 9, pé Jésù di tálákà kí àwa lè di ọlọ́rọ̀. Ẹ kà á títí dé ẹsẹ 14. Owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn onígbàgbọ́ ará Jùdíà tó wà nínú àìní ni Pọ́ọ̀lù ń kó jọ, ó sì là á mọ́lẹ̀ pé ìdọ́gba lòun ń wá: kí ohun tó pọ̀ lọ́wọ́ àwọn kan dí àìní àwọn mìíràn. Ọ̀rọ̀ jíìpù ò sí ńbẹ̀.

Ó dáa, kí wá ni ìbùkún náà?

Ẹ ronú oníkéde láyé àtijọ́. Ọba tuntun ti gorí ìtẹ́, oníkéde gbé agogo, ó ń lù ú kiri àdúgbò: ẹ̀yin tí wọ́n fi agbára gba ilẹ̀ yín, ẹ kú oríire o, ọba ní kí ẹ padà sórí ilẹ̀ yín. Oníkéde ò yin ẹnikẹ́ni pé ó ṣe dáadáa bí wọ́n ṣe gbalẹ̀ rẹ̀. Kò ní kó lọ ṣètùtù kó tó gbà á. Àṣẹ tuntun ló kéde, ẹni tí àṣẹ àtijọ́ sì ń fìyà jẹ ló kọ́kọ́ máa jó. Bí mo ṣe gbọ́ ẹsẹ wa nìyẹn. Jésù ti kéde ẹ̀ ṣáájú ní Násárétì, ní Lúùkù orí 4, nígbà tó ka ìwé wòlíì Aísáyà: Ẹ̀mí Olúwa wà lára òun láti wàásù ìhìnrere fún àwọn òtòṣì, láti kéde ìdásílẹ̀ fún àwọn ìgbèkùn àti ọdún ìtẹ́wọ́gbà Olúwa. Ọ̀pọ̀ olùkọ́ Bíbélì gbà pé ọdún Júbílì inú Léfítíkù orí 25 ló ń tọ́ka sí, ọdún àádọ́ta tí ilẹ̀ tí wọ́n tà á padà sọ́wọ́ ìdílé tó ni ín.

Torí náà, kì í ṣe pé tálákà mọ́ ju ọlọ́rọ̀ lọ. Àwa tá a bá tálákà gbé mọ̀ pé wọ́n ń purọ́ bíi tiwa, wọ́n ń jowú bíi tiwa. Irú ọba tí Ọlọ́run jẹ́ ló fa ìbùkún náà. Ọba tó ń gbé tálákà sókè láti inú erùpẹ̀, tó ń gbé aláìní dìde lórí ààtàn, bí Sáàmù 113 ṣe wí, bí Hánà náà sì ṣe wí nígbà tó bí Sámúẹ́lì. Màríà ìyá Jésù gbé orin tirẹ̀ láti ibẹ̀, ó ní Ọlọ́run ti fi ohun rere kún àwọn tí ebi ń pa, ó sì ti rán àwọn ọlọ́rọ̀ lọ lọ́wọ́ òfo. Kì í ṣe orin ọmọ jẹ́jẹ́ rárá. Màríà alára, tálákà ni. Nígbà tó gbé Jésù lọ sí tẹ́ńpìlì, ẹyẹ méjì ló fi rúbọ. Léfítíkù orí 12 sì ṣàlàyé pé ẹni tí agbára rẹ̀ ò bá ká ọ̀dọ́ àgùntàn ló ń mú ẹyẹ wá.

Lúùkù ò sì fi bò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ẹlòmíràn. Ẹsẹ mẹ́rin péré lẹ́yìn ìbùkún náà, ó dé: "Ègbé ni fún ẹ̀yin ọlọ́rọ̀, nítorí ẹ ti rí ìtùnú yín ná." Mélòó nínú yín ló ti gbọ́ ìwàásù lórí ẹsẹ 24 yìí?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń kọ ọ́ sísàlẹ̀ báyìí: "Àmọ́ Mátíù ní òtòṣì ní ẹ̀mí." Òótọ́ ni. Mátíù orí 5, ẹsẹ 3: "Alábùkún-fún ni àwọn òtòṣì ní ẹ̀mí, nítorí tiwọn ni ìjọba ọ̀run." Lórí òkè ni ti Mátíù ti wáyé, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni ti Lúùkù. Mo sì ti kíyè sí i pé ẹni tí àpò rẹ̀ wúwo ló máa ń fẹ́ràn ti orí òkè jù! Àmọ́ Mátíù ò fọ́ ti Lúùkù. Ọ̀rọ̀ àtijọ́ ló wà lẹ́yìn rẹ̀: nínú Aísáyà orí 66, ẹsẹ 2, Ọlọ́run ní òtòṣì tó ní ìròbìnújẹ́ ọkàn lòun ń wò. Ẹni tí ayé ti tẹ̀ mọ́lẹ̀ títí tí kò fi ní ibòmíràn láti gbójú lé, òun ni Mátíù ń wí. Ọlọ́rọ̀ lè dé ibẹ̀ o, mi ò ní kò lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ó máa sọ̀kalẹ̀ kó tó dé ibẹ̀, ìyá alábàárù sì ti wà níbẹ̀ tipẹ́.

Ẹni tó bá fẹ́ rí ọ̀rọ̀ náà lójúkojú, kó lọ sí Lúùkù orí 16. Ọlọ́rọ̀ kan ń wọ aṣọ elésè àlùkò, ó ń jẹ àjẹyó lójoojúmọ́. Alágbe kan wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, egbò bo gbogbo ara rẹ̀, ajá ń lá egbò náà. Nínú gbogbo àkàwé tí Jésù pa, alágbe yìí nìkan ló fún lórúkọ, yàtọ̀ sí Ábúráhámù tó wà nínú ìtàn kan náà. Lásárù lorúkọ rẹ̀. Ọlọ́rọ̀ ò lórúkọ. Jésù ò sì sọ pé Lásárù jẹ́ èèyàn dáadáa, kò sọ pé ọlọ́rọ̀ jalè. Ohun tí ìtàn náà jẹ́ ká mọ̀ ni pé ẹnu ọ̀nà ló wà, ọlọ́rọ̀ sì ń gba ẹnu ọ̀nà yẹn kọjá.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà wálé. Ọjọ́ ìkórè ni, ní ìlú kan ní Ìgbómìnà. Mọ́tò àwọn tó ti Èkó àti Àbújá dé ti kún iwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Alága ìkórè wọlé pẹ̀lú agbádá àlàárì, àwọn tó ń fi èèyàn sí ìjókòó sáré tò sẹ́yìn rẹ̀, wọ́n mú un lọ sórí àga onítìmùtìmù tí wọ́n ti gbé omi inú ike sí iwájú rẹ̀. Wọ́n gbé iṣu mẹ́ta jáde, wọ́n lù ú ní gbàǹjo. Alága ra iṣu mẹ́ta ní iye tó lè ra odindi oko iṣu, gbogbo ìjọ pàtẹ́wọ́, wọ́n pe orúkọ rẹ̀ nínú máíkì lẹ́ẹ̀mẹta, onílù gbà á. Ìyá tó gbin iṣu náà wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó ń fi ìwé ètò fẹ́ ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pe orúkọ tiẹ̀.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe ìkórè. Owó gbàǹjo yẹn ló kan òrùlé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àmọ́ Jákọ́bù orí 2 ti wà nínú ìwé ṣáájú wa: ọkùnrin kan wọlé pẹ̀lú òrùka wúrà àti aṣọ dáradára, tálákà kan wọlé pẹ̀lú aṣọ èérí, ẹ ní kí ti òrùka jókòó síbi tó dára, ẹ ní kí tálákà dúró sọ́hùn-ún, tàbí kó jókòó sábẹ́ àpótí ìtìsẹ̀ yín. Ẹsẹ 5 wá béèrè bóyá Ọlọ́run kò ti yan àwọn tálákà ayé yìí láti jẹ́ ọlọ́rọ̀ nínú ìgbàgbọ́ àti ajogún ìjọba náà. Ìjọba kan náà tó wà nínú Lúùkù orí 6 ni. Ó tún lé e débi pé, bí arákùnrin kan bá wà ní ìhòòhò, tí ẹ ní "máa lọ ní àlàáfíà, kí ara rẹ má ṣe tutù, kí o sì yó", tí ẹ ò fún un ní nǹkan kan, èrè wo ló wà níbẹ̀? Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Báwo wá ni ìbùkún ṣe ń dé ọwọ́ tálákà? Òfin Mósè ti ya ọ̀nà sílẹ̀, ọ̀nà náà sì gba inú oko kọjá. Léfítíkù orí 19: bí o bá ń kórè, má kórè igun oko rẹ tán, má pèéṣẹ́ oko rẹ, fi í sílẹ̀ fún tálákà àti àlejò. Ẹni tó bá ti rí àwọn obìnrin tó ń wọ oko ẹ̀pà lẹ́yìn tí olóko ti hú tiẹ̀ tán, tí wọ́n ń fi ìka wá èyí tó kù nínú yẹ̀pẹ̀, ó mọ ohun tí Rúùtù ń ṣe lóko Bóásì. Kì í ṣe ẹ̀bẹ̀ ló ń bẹ̀. Òfin ló fún un láyè láti wọ oko yẹn. Ó ṣiṣẹ́, ó pa ọkà rẹ̀, ó gbé e lọ fún ìyá ọkọ rẹ̀. Àwọn ará ilé wa tó jẹ́ Mùsùlùmí (ní Ìlọrin, agboolé wo ni ò ní wọn?) mọ irú ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Sàká tí wọ́n ń yọ, ìdá kan nínú ogójì owó tó bá pé òṣùwọ̀n tó sì lo ọdún kan lọ́wọ́ wọn, Kùránì kọ́kọ́ dárúkọ tálákà àti aláìní nínú àwọn tó tọ́ sí i, ní Súrà 9, ẹsẹ 60. Súrà 70 sì pè é ní ẹ̀tọ́ wọn.

Lẹ́yìn oko, owó ọ̀yà. Diutarónómì orí 24 ní kí o san owó alágbàṣe lọ́jọ́ tó ṣiṣẹ́ gan-an, kí oòrùn má wọ̀ lé e lórí, torí tálákà ni, owó yẹn ló gbẹ́kàn lé. Jákọ́bù orí 5 tún gbé e: owó ọ̀yà àwọn tó kórè oko yín, tí ẹ fi dù wọ́n, ń ké, igbe wọn sì ti dé etí Olúwa. Ẹni tó ń ná owó alábàárù mọ́lẹ̀ nídìí ọkọ̀, tó sì máa fọwọ́ sókè nínú ìsìn lọ́la, ẹsẹ yẹn ló ń bá wí. Òwe orí 19, ẹsẹ 17, tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ṣàánú tálákà, Olúwa ló yá lówó.

Ó ku àtakò kan tí wọ́n máa ń gbé dìde. Jésù náà kọ́ ló ní "ẹ̀yin ní òtòṣì lọ́dọ̀ yín nígbà gbogbo"? Bí wọn ò bá lè tán, kí la ń dààmú ara wa sí? Máàkù orí 14, ẹsẹ 7 ni. Ẹ ka ìdajì tó kù: "nígbàkigbà tí ẹ bá sì fẹ́, ẹ lè ṣe wọ́n lóore." Diutarónómì orí 15, ẹsẹ 11 lọ̀rọ̀ náà ti jáde, gbólóhùn tó sì tẹ̀ lé e níbẹ̀ ni pé, nítorí náà ni mo ṣe pàṣẹ fún ọ pé kí o la ọwọ́ rẹ fún arákùnrin rẹ tó jẹ́ aláìní. Ẹsẹ 9 tiẹ̀ ti mọ bí a ṣe máa ń ṣe é. Ní ọdún keje, wọ́n gbọ́dọ̀ fa gbèsè ya. Torí náà ló ṣe kìlọ̀ fún ẹni tó bá jókòó, tó ń ṣírò pé ọdún keje ti kù sí dẹ̀dẹ̀, tó wá ń sọ fún tálákà tó fẹ́ yáwó pé kò sí lọ́wọ́.

Ti ọdún keje àti Júbílì, bí wọ́n ṣe ń ṣe é àti ìdí tó fi le, fídíò tó ń bọ̀ la máa fi sọ ọ́. Ẹ kọ ìbéèrè yín sísàlẹ̀, èmi fúnra mi ni mò ń kà á. Ó dàbọ̀ o.